Òtílí Lẹ́yìn Ilé: Òdòdó Tí Kò Bẹ̀rù Ẹ̀ẹ̀rùn



Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, nígbà tí akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n tọrọ ẹ̀yáwó pàjáwìrì, mo fetí sílẹ̀ dáadáa sí ohun tí oníkálukú ní òun fẹ́ fi owó náà ṣe. Àwọn kan ní àwọn fẹ́ fi kún ọjà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní oúnjẹ ilé ni àwọn fẹ́ fi rà kò kéré rárá, ẹ̀wà ni wọ́n sì ń dárúkọ ṣáá. Ẹni tó yáwó fi ra ọjà, èrè orí ọjà ni yóò fi dá a padà. Ẹni tó yáwó fi ra ẹ̀wà jẹ ńkọ́? Ẹ̀wà ti wọ ikùn, gbèsè ṣì wà nílẹ̀, èlé rẹ̀ ò sì sùn.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Olóòtú pé kí ó fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn ti oṣù yìí, kí n sọ̀rọ̀ lórí igi kékeré kan tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa, tí àwa ọmọ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Òtílí ni mò ń sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Wọ́n ń sọ nínú ara wọn pé, "Òtílí kẹ̀? Oúnjẹ ìgbà ìyàn, oúnjẹ tí ń jẹ igi ìdáná tán!" N kò ní jiyàn. Ọ̀rọ̀ sísè rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, mo sì máa sọ òtítọ́ rẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo igi náà fúnra rẹ̀ ná.

Òtílí kì í ṣe ẹ̀wà tí ń fà nílẹ̀. Igi ni, ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 bí ààyè bá gbà á. Ewé rẹ̀ ń jáde ní mẹ́ta mẹ́ta, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ọdún kan bí àgbàdo. Ó lè wà lórí ìdúró fún ọdún 3 sí 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kìíní àti èkejì ló ń so jù. Ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ rekete ni, òmíràn sì ní ilà pupa lẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn fi osùn fà á. Ìgbà wo ló sì ń yọ? Nígbà tí òjò ti lọ, tí koríko ti gbẹ, tí ọyẹ́ ń la ènìyàn létè. Gbogbo òdòdó tí ẹ fi owó rà sínú ìkòkò ní iwájú ilé ti rọ, ẹ sì ń fi omi tí ẹ rà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi bẹ̀ wọ́n. Òtílí á wá yọ òdòdó bo ara rẹ̀, oyin á máa kùn yí i ká láti àárọ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́ lásán, tí kò tilẹ̀ fẹ́ jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀, kò pàdánù bó bá gbìn ín.

Báwo ló ṣe ń rí omi mu nígbà tí kànga pàápàá ń gbẹ? Gbòǹgbò rẹ̀ ni. Ó máa ń wọ ilẹ̀ lọ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ bí àpáta kò bá dí i lọ́nà, títí yóò fi dé ibi tí ọ̀rinrin òjò tó ti lọ ṣì sá pamọ́ sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gbìn ín, fún nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, ẹ óò rò pé kò fẹ́ dàgbà. Ẹ̀fọ́ tí ẹ gbìn lọ́jọ́ kan náà, ẹ ti ń já a jẹ, òtílí ṣì dúró tín-ín-rín bí ọ̀pá ìṣáná. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ ni. Ẹni tí kò mọ̀ á fà á tu, á ní irúgbìn burúkú ni wọ́n tà fún òun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá le gan-an, á gbọn ewé rẹ̀ tó ti gbó sílẹ̀, kí omi tó kù lè tó èyí tó ṣẹ́kù lára. Ewé yẹn kò ṣòfò. Á bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà jó o, á jẹrà, á di ajílẹ̀.

Bí ẹ bá fà á tu jẹ́jẹ́, ẹ óò rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má rò pé àrùn ni. Ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú kókó yẹn, òun ló ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún igi náà. Náítírójìn yìí náà sì ni à ń fi owó gọbọi rà nínú àpò yúríà. Èyí tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti ilẹ̀ pupa. Nínú ilẹ̀ pupa, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ máa ń lẹ̀ mọ́ irin inú ilẹ̀ débi pé àgbàdo kò lè rí i lò. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ICRISAT, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 nítòsí Hyderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ ọ́ jáde pé gbòǹgbò òtílí ń tu èròjà kan sínú ilẹ̀ tí ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yẹn kúrò lára irin. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin kò dúró de ìwé yẹn o. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbin òtílí sáàrin àgbàdo, tí wọ́n ń fi gba ilẹ̀ tó ti ṣá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ara mi, kí ẹ lè rí ohun tí àìmọ̀kan ń fà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín lẹ́yìn ilé, igi 20 ni mo gbìn. Mo fi 9 sí ojú ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà kọjá. Lójú tèmi, mo ti ṣe wọ́n lóore. Àwọn 11 yòókù, mo fi wọ́n sí ẹ̀bá ògiri, níbi tí yanrìn àti òkúta àwọn bíríkìlà ṣẹ́kù sí, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó lè hù níbẹ̀. Àwọn ti ojú omi ló kọ́kọ́ dàgbà, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Mo ń fi wọ́n han àlejò. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ láìdá, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní òùngbẹ ni. Ṣé ẹ rí mi báyìí, mo tún pọn omi sí i! Kí oṣù kẹwàá tó parí, 8 ti kú nínú 9, ìdí wọn dúdú, gbòǹgbò wọn rà. Àwọn ti inú òkúta tí n kò tilẹ̀ bojú wò mọ́, oṣù kọkànlá kò tíì tán tí wọ́n fi yọ òdòdó bo ògiri. Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀wà nínú ọjà wa ni mo lọ rojọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ọmọ mi, òtílí kì í kú ikú òùngbẹ. Omi ló ń pa á."

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ óò gbìn ín sí, ẹ má wo ibi tó tutù. Ibi tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wò, ibi tí omi òjò kì í dúró sí. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yín lẹ̀ bí amọ̀, ẹ kọ ọ́ ní ebè, kí ẹ sì gbìn ín sórí ebè. Abẹ́ igi máńgòrò kò dára fún un. Ẹni tó háyà ilé, tí kò ní ju ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ, ìlà kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà tó o. Kò sì ní ba ògiri onílé jẹ́, kí onílé má baà fa ìjà.

Ọ̀rọ̀ ìgbà gbígbìn ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Irú òtílí ilẹ̀ wa kì í ka oṣù tó ti lò nínú ilẹ̀ kó tó yọ òdòdó. Gígùn ọjọ́ ló ń wò. Bí ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, tí òjò sì ń kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà náà ni yóò múra àtiyọ òdòdó, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó gbìn ín ní oṣù kẹrin àti ẹni tó gbìn ín ní ìparí oṣù kẹfà, òdòdó tiwọn kò ní jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ti oṣù kẹrin á ti ga ju òrùlé lọ, ti oṣù kẹfà á wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ní oko ńlá, kò sí ohun tó burú nínú gbígbìn ní oṣù kẹrin, igi ìdáná á pọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá sì jẹ́ kó di oṣù kẹsàn-án, òdòdó á bá a ní kékeré, èso rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Àwọn irú tuntun wà tí àwọn onímọ̀ mú jáde, tí kì í gùn, tí wọ́n ń so láàrin oṣù 4. Wọ́n dára fún ẹni tó ní oko tó sì ń ra oògùn kòkòrò, torí pé kòkòrò fẹ́ràn wọn gan-an. Fún ẹ̀yìnkùlé, ti ilẹ̀ wa ni kí ẹ dì mú.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ lè ra irúgbìn lọ́wọ́ àwọn tí ń ta á fún jíjẹ, kí ẹ ṣa àwọn tó yó, tí kòkòrò kò lu. Funfun wà, pupa wà, dúdú wà, alámì-tótòtó náà wà. Èyí tó wù yín ni kí ẹ mú. Èyí tí wọ́n bá ti fi oògùn aláwọ̀ pa lára fún gbígbìn, ẹ má jẹ ẹ́ o, ẹ má sì fi fún adìyẹ. Ẹ ti irúgbìn 2 tàbí 3 sínú ihò kan, kí ó jìn tó oríkèé ìka kan, kí ihò kan sì jìnnà sí ìkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ 2, á hù. Bó bá ga tó ìbú ọwọ́ kan, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ fa ìyókù. Fún oṣù kan àbọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí koríko bò ó. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò jù báyẹn lọ. Bí ọ̀dá bá dá láàrin ìgbà yẹn, ẹ lè bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé garawa yín sílẹ̀. Kò nílò yúríà. Bí ẹ bá da yúríà sí i, ewé ni yóò máa hù, kò ní rántí èso.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ kìíní. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé òtílí ju bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà lọ, ẹ tètè fi ọgbà yí i ká nígbà tó bá ṣì kéré. (Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ lè máa ṣẹ́ ẹ̀ka fún wọn bí igi bá ti gbó. Èyí tí mò ń bínú sí ni ewúrẹ́ aládùúgbò.) Lẹ́yìn náà ni kòkòrò tí ń lu òdòdó àti pódi èso, àwọn ìdin tí ẹ mọ̀ lára ẹ̀wà náà ni, àti àwọn kòkòrò tí ń fa omi inú pódi tí ọmọ inú rẹ̀ fi ń hunjọ. Fún igi 10 tàbí 15, ọwọ́ tó wọn. Ẹ máa yẹ igi wò láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ ṣa wọ́n sínú omi ọṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lè gún èso dọngoyárò, kó rẹ ẹ́ mọ́jú, kó sẹ́ ẹ, kó wọ́n ọn sí i ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò olóró sí i nígbà tí òdòdó wà níta. Oyin tí ń ṣe yín lóore lẹ máa pa, ohun tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi bọ́ ọmọ lẹ fi májèlé sí.

Pódi á gbó láàrin oṣù kìíní sí ìkejì ọdún. Kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò máa ká a díẹ̀díẹ̀, èyí sì wúlò nínú ilé: èyí tí ẹ jẹ lọ́sẹ̀ yìí kọ́ ni ẹ óò jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Igi 11 tèmi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fún mi ní kóńgò mẹ́ta ó lé díẹ̀ lọ́dún kìíní. Ẹ lè ní kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iye tí kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta jẹ́ lọ́jà, kí ẹ sì rántí pé n kò ra ajílẹ̀, n kò ra omi, n kò sì yáwó.

Ó wá ku sísè, ibi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, òtílí gbígbẹ tí a kò rẹ lè jókòó lórí iná fún wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú iye tí gáàsì àti èédú ń gorí lónìí, ìyẹn nìkan tó láti mú kí ènìyàn sá fún un. Ohun tí mo rí nìyí: ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ fi omi tuntun sè é. Bó bá hó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ dé e pa fún wákàtí kan, kí ẹ tó tún gbé e padà. Iná tí ẹ óò lò kò ní tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa ń fi kánún díẹ̀ sí i, ó ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kánún ń ba àwọn èròjà aṣaralóore kan jẹ́, ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Iyọ̀, ẹ̀yìn tó bá ti rọ̀ ni kó wọlé. Ẹni tó ní préṣà pọ́ọ̀tù kò ní wàhálà kankan. Ẹ má sì jẹ ẹ́ ní tútù tàbí ní àìjinná, nítorí àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà, iná ló ń pa wọ́n. Bó bá ti jinná, ẹ fi epo pupa tó ti gbóná, ata gígún, àlùbọ́sà àti edé sí i. Èmi fi iṣu jẹ ẹ́. Ìyàwó mi fi àgbàdo sí i bí àdàlù, tirẹ̀ ni àwọn ọmọ ń bèèrè. Nínú òtílí gbígbẹ ìwọ̀n gíráàmù 100, nǹkan bí 20 sí 22 jẹ́ purotéènì, ẹran tálákà tòótọ́ ni.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwa Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ lò. Ẹ ká a nígbà tí pódi ti yó ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ. Ẹ bó o, ẹ sè é. Kò nílò rírẹ, kò sì ní pẹ́ lórí iná. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Trinidad àti Puerto Rico nìyẹn, tí wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ ìrẹsì. Láti Áfíríkà ló ti bá ọkọ̀ òwò ẹrú lọ síbẹ̀. Ní Brazil, wọ́n ń pè é ní guandu, àwọn ará Bahia ń pè é ní andu. Èdè Kóńgò ni orúkọ yẹn ti wá. Àwọn tí wọ́n gba gbogbo ohun ìní wọn lọ́wọ́ wọn, òtílí kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwa tí a wà nílé, à ń pè é ní oúnjẹ ìyàn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rò ó bóyá wọ́n lè gbìn ín tà. Ó ṣeé tà. Àwọn ará Igbo ń jẹ ẹ́ gan-an, fìófìó ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Ìlà-Oòrùn tó wà láàrin wa sì máa ń wá a kiri ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín kí ẹ tó sọ gbogbo ilẹ̀ yín di òtílí. Ilẹ̀ Íńdíà ló ń gbìn ín tó sì ń jẹ ẹ́ jù ní gbogbo àgbáyé, tirẹ̀ kì í sì í tó o. Ní ọdún 2016, ó bá orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíkì ṣe àdéhùn láti máa ra òtílí wọn. Àwọn àgbẹ̀ Mòsáḿbíkì, Tànsáníà àti Málawì gbìn ín rẹpẹtẹ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2017, òtílí ti pọ̀ jù ní Íńdíà fúnra rẹ̀, ìjọba wọn sì fi ìwọ̀n sí iye tó lè wọlé láti òkèèrè. Owó òtílí já wálẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, irè oko wà nílẹ̀ láìsí olùrà. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ nílé rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tó gbìn ín fún oníbàárà kan ṣoṣo, tó sì yáwó gbìn ín, ẹ kúkú mọ bí tirẹ̀ yóò ti rí. Èmi kò ní kí a má tà á. Ìkòkò ilé ni kó kọ́kọ́ kún, kí a tó ronú kan àpò.

Ẹni tó bá sì fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n pa mọ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà náà ń jẹ òtílí. Láti inú oko ló ti ń bá a wálé, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ óò rí ihò. Ẹ sá a títí eyín kò fi ní lè wọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń ké kẹ̀kẹ̀ bí ẹ bá gé e jẹ. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ẹ̀wà láti ọdún 2007. Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú rẹ̀, kòkòrò á kú fúnra rẹ̀. Fún ti ilé, kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tó ní ìdérí tó le, ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí ẹ bá kún un dé ẹnu. Ẹ má fi dichlorvos sí i láéláé. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí àṣẹ́kù oògùn yìí, wọ́n sì tún sún ọjọ́ ìlẹ̀kùn náà síwájú lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn tó ń fi í sí ẹ̀wà kò ju díẹ̀ lọ, gbogbo ọlọ́jà ló jẹ ìyà rẹ̀.

Bí ẹ bá ti kórè tán, ẹ má gé igi lulẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, kí ẹ wá rẹ́ ẹ wálẹ̀ dé ìbàdí, kí ẹ̀ka tó ní ewé díẹ̀ kù lára rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gé e dé ìdí, kò rú mọ́. Igi tí ẹ bá rẹ́ kúrò, ẹ sá a, òun náà lẹ óò fi se òtílí. Nígbà tó bá di ọdún kẹta tí èso rẹ̀ ń dín kù, ẹ gbin tuntun sí ibòmíràn, kí ẹ sì gbin àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ sí ojú ibi tí ti àtijọ́ wà. Ẹ óò rí bí yóò ṣe tutù.

Mo ní irúgbìn nílé tó lè tó ọmọ ẹgbẹ́ 20, funfun àti alámì-tótòtó. N kò tà á. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú agolo mílíìkì òfìfo kan dání wá sí ìpàdé oṣù karùn-ún, akọ̀wé yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Agolo kan tí ẹ bá gbà, agolo méjì ni ẹ óò dá padà lẹ́yìn ìkórè ní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, kí a lè fún àwọn mìíràn. Èlé tó wà lórí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ẹ ò sì nílò onígbọ̀wọ́.